Agogo Ọ̀gá Akíndé Nídìí Bọ́ílà Àdín

Ọmọ àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá wá kí mi láìpẹ́ yìí. Ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àdín títí irun yín fi funfun. Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" Mo ní iṣẹ́ mi ni kí n jókòó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá rí i pé mi ò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Nítorí náà mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wá ọ̀nà iṣẹ́ tí wọn yóò tọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ láyé, èyí tó le jù ni pé kí ọwọ́ ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà di tíṣà, ṣùgbọ́n etí mi fẹ́ràn ariwo ẹ̀rọ ju ariwo ọmọ ilé ìwé lọ. Nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, tó jẹ́ pé Ẹ̀gbádò la ṣì ń pe ilẹ̀ wa, mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Ìlarò, níbi tí wọ́n ti ń fún àdín lára èkùrọ́. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn: wọ́n ń wá ènìyàn, mo lọ. Owó oṣù rẹ̀ náà kò ní ìtàn. Ó tó jẹ, kò tó yangàn. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ló ní ìtàn.

Ọ̀gá Akíndé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, pákò kì í sì í kúrò ní igun ẹnu rẹ̀. Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè, ló ti kọ́ iṣẹ́ epo, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ibẹ̀: "Tàǹdé." Ó ní bí àwọn elédè Faransé ṣe ń sọ pé kí ènìyàn dúró ná nìyẹn. Kò sí wákàtí kan tí kì í sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Bàbá Tàǹdé lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Ọkọ̀ ń kó èkùrọ́ wá láti Ìlóbì, láti Òkè-Ọ̀dàn, láti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà ẹnubodè. Ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, wọn á dà á sínú ìkòkò irin ńlá, wọn á sè é kí wọ́n tó fún un. Iná kì í wà lábẹ́ ìkòkò yìí. Inú bọ́ílà ni omi ti ń hó, ooru rẹ̀ ló ń gba inú páìpù wá mú ìkòkò gbóná, èésan tó kù lára èkùrọ́ la sì fi ń dáná bọ́ílà ọ̀hún. Bí ìkòkò bá tutù jù, àdín ò ní jáde. Bí ó bá gbóná jù, àdín á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná, oníbàárà ò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Géèjì kan wà lára ìkòkò tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ bí inú ṣe gbóná tó. Fáàfù kan wà nísàlẹ̀ tí a fi ń ṣí ooru tàbí dín in kù. Abẹ́rẹ́ lókè, fáàfù nísàlẹ̀, ènìyàn láàárín. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, iṣẹ́ ọmọdé ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìkòkò kan sí ìkáwọ́ mi, mo rí i pé abẹ́rẹ́ sọ̀ díẹ̀, mo ṣí fáàfù. Abẹ́rẹ́ ò gbéra. Mo tún ṣí i. Kò gbéra síbẹ̀, mo tún ṣí i. Nígbà tó wá gbéra, ńṣe ló fò kọjá ibi tí mo fẹ́. Mo sáré dí i, mo tún dí i, ni ìkòkò bá tutù bí omi odò. Kí oòrùn tó dé àtàrí, mo ti sọ ìkòkò náà di jangirọ́fà: ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀. Àdín àkọ́kọ́ dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò ọbẹ̀, èkejì ò tilẹ̀ jáde.

Mo ń retí kí Ọ̀gá pariwo. Kò pariwo. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó yọ pákò lẹ́nu.

"Délé, bí o bá bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ṣé ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn?"

Mo ní rárá, Ọ̀gá.

"Ìkòkò yìí, àgbàlagbà ni. O sọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Kó tó lanu, o sọ òmíràn. Kó tó lanu, o tún sọ òmíràn. Nígbà tó bá wá fẹ́ dáhùn, èwo ni kó dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ó mú ọ̀dà pupa, ó fa ilà tín-ín-rín méjì sára gíláàsì géèjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Òfin rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín ilà méjèèjì, kí ó gbọ̀n, kí ó jó, kí ó ṣe bó ṣe wù ú, èmi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáàfù. Ọjọ́ tó bá kọjá ilà, kí n yí fáàfù lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sì jókòó padà títí ìkòkò yóò fi fèsì.

Ohun tí ènìyàn lè gbọ́ lójú kan, ọwọ́ kì í tètè gbọ́ ọ. Ọ̀gá sì mọ̀. Ó bu omi kún abọ́ dẹ́múdẹ́mú, ó gbé e lé mi lórí itan. Bí mo bá dìde láìnídìí, omi á dà sí mi ní ṣòkòtò, gbogbo ilé iṣẹ́ á mọ̀ pé Délé ò ní sùúrù. Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá Ìdòwú, àgbà tó ń kó èésan sínú iná bọ́ílà, kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láì yọ ṣùtì sí mi. Á fi ọwọ́ lé ṣọ́bìrì, á ní, "Délé, ṣé ìwọ lò ń ṣọ́ omi ni, àbí omi ló ń ṣọ́ ọ?" Ṣòkòtò mi tutù títí mo fi mọ ìyàtọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ tó ń ṣeré àti abẹ́rẹ́ tó ń lọ.

Mo bi Ọ̀gá nígbà kan pé kí ló dé tí ilà fi jẹ́ méjì, tí a ò fi fa ẹyọ kan sí ibi tó dára jù, ká máa lé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́rẹ́ dà bí ọkàn ènìyàn, kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá fa ilà kan ṣoṣo kò ní sinmi títí yóò fi kú, ìkòkò náà ò sì ní sinmi. Bí ilà méjèèjì bá sì jìnnà síra jù, àdín á ti bàjẹ́ kí ènìyàn tó gbọ́. "Ibi tí àdín ò tí ì bàjẹ́, tí ọwọ́ rẹ sì ti sinmi, ibẹ̀ là ń fa ilà sí. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n a kì í torí igi tó wà ní Ìdírókò dijú n'Ílarò."

Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ìkòkò di mẹ́ta, ọwọ́ ò sì pọ̀ sí i. Bọ́ílà nìkan, ó fẹ́ ẹni tí yóò máa wo omi inú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí bí omi bá gbẹ tí iná wà lábẹ́ irin, ìparun ni. Ọ̀gá Akíndé ronú sí i. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ bí omi ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín. Ó wá agogo kan rà, irú èyí tí wọ́n ń mì nílé ìwé, ó fi ìwọ̀ àti okùn ṣètò rẹ̀ mọ́ irin yẹn àti ẹ̀rọ kan tó ń yí nítòsí. Bí omi bá wà níbi tó yẹ, ìwọ̀ á di agogo mú, kò ní dún. Bí omi bá sọ̀ kọjá ilà, ìwọ̀ á jáwọ́, ẹ̀rọ á máa fa okùn, agogo á máa ké títí ẹnìkan yóò fi lọ ṣí pọ́ǹpù omi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ò mọ bí inú wa ṣe dùn tó. A ò wo bọ́ílà mọ́. Bọ́ílà ló ń pè wá. Lọ́jọ́ kan á pè wá lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́jọ́ mìíràn á pè wá ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo wo ọkùnrin yẹn pẹ̀lú pákò rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé bí mo bá lè ronú kan irú èyí kí n tó kú, mo ti jèrè ayé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ.

Àgbà kan kú ní àdúgbò tó yí ilé iṣẹ́ ká, bàálé tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, títí wọn yóò fi sin ín, wọn kì í gún odó, wọn kì í lu agogo, kí ilẹ̀ lè dákẹ́ fún un. Bàbá Ìdòwú jẹ́ ọmọ àdúgbò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin òkú, kí ó tó lọ sí ilé ọ̀fọ̀, ó mú aṣọ àkísà, ó fi di ahọ́n agogo bọ́ílà pinpin. Kò ní èrò ibi kankan. Lójú rẹ̀, agogo ni agogo. Ẹni tó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀ ń kó èésan sínú iná bó ṣe yẹ, kò sì gbójú sókè wo agogo.

Èmi àti Ọ̀gá wà nídìí ìkòkò ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Gbogbo nǹkan ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lójijì Ọ̀gá gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè.

"Délé, ìgbà wo lo gbọ́ agogo gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Kò dún lónìí, Ọ̀gá. Omi ń ṣe dáadáa ni."

Pákò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tí mi ò rí kó sáré rí bẹ́ sílẹ̀, ó ń sáré. Ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn bọ́ílà, a rí aṣọ lára agogo. Okùn ń fà á, ó ń mì, kò dún. Ìgò tí a fi ń wo omi ti gbẹ. Irin bọ́ílà ń kérora bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé omi ló tán, kí n fún un lómi. Mo na ọwọ́ sí pọ́ǹpù. Ọ̀gá gbá a kúrò.

"Tàǹdé. Bí omi tútù bá kan irin yìí báyìí, kò sí ẹni tí yóò rí egungun wa kó. Iná ni kí ẹ wọ́ jáde."

Ó mú irin gígùn tí a fi ń ro iná, ó ki orí bọ ẹnu iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ èésan pípọ́n jáde sílẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì, mo ń kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹnìkan ti ké sí Bàbá Ìdòwú nílé ọ̀fọ̀; ó dé tòun ti aṣọ ọ̀fọ̀ lára, ó rí àkísà rẹ̀ lórí agogo. Ó bọ́ aṣọ jù sílẹ̀, ó wọ àárín iná lọ bá Ọ̀gá. Nígbà tí iná tán nínú rẹ̀, gbogbo wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ń gbọ́ bí irin ṣe ń tutù, tó ń ró kó, kó. Awọ apá ọ̀tún Ọ̀gá ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n páìpù inú bọ́ílà ti wọ́, ilé iṣẹ́ dúró, èkùrọ́ kún ìta títí tí eku fi sọ ọ́ di ilé. Máníjà pe gbogbo wa sábẹ́ igi iṣin. Ènìyàn dáadáa ni máníjà yìí, kì í fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá tó gba ẹ̀mí wa là. Lẹ́yìn náà ó ní ohun tí àkísà kan lè pa lẹ́nu, òun ò lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n tú agogo náà sọ nù, kí ẹnìkan máa jókòó ti bọ́ílà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó gbé agogo kalẹ̀, kí ó lọ sinmi ní Òkè-Ọ̀dàn.

Mi ò tí ì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Kí ni n ó ṣe pẹ̀lú ìdajì iṣẹ́? Bàbá Ìdòwú ti dọ̀bálẹ̀, ó ń sọ pé òun lẹ́ṣẹ̀, kí wọ́n lé òun. Ọ̀gá Akíndé ní kó dìde.

"Ẹ̀bi kì í ṣe tiẹ̀. Máníjà, mo kọ́ agogo náà láti sọ pé nǹkan ti burú. Mi ò kọ́ ọ láti sọ pé òun wà láàyè. Nígbà tó dákẹ́, a pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Òkú náà ń dákẹ́."

Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé bí wọ́n bá ti tún bọ́ílà ṣe, kí wọ́n gba agogo padà pẹ̀lú ohun kan péré. Fèrè ilé iṣẹ́ ń fun ní wákàtí wákàtí. Nígbàkígbà tí fèrè bá fun, kí ẹni tó wà nídìí ìkòkò fa okùn kejì tí wọn yóò so mọ́ ahọ́n agogo, láti ibi tó jókòó sí. Bí agogo bá dáhùn, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá dáhùn, kí ó gbà pé omi ti gbẹ, kí ó sì dìde.

Máníjà gbà. Ó ní òun yóò wò ó títí àdín àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe yóò fi kún àgbá. Bí ó bá kùnà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá Ìdòwú fúnra rẹ̀ ló lọ sí agbo ilé olóògbé, ó rojọ́ agogo fún wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀mí kì í ṣe ohun àríyá, kí ó máa dún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ló kú.

Wọ́n mú páìpù tuntun dé láti Èkó. A dáná. Máníjà dúró tì wá. Fèrè fun, mo fa okùn, agogo dáhùn. Ó tún fun, agogo tún dáhùn. Bàbá Ìdòwú ní orin ìjọ rẹ̀ ni mò ń lù. Nígbà tó tún yá, fèrè fun, mo fa okùn, kò sí ìró kankan. Okùn wá sí mi lọ́wọ́ wọ́ọ́. Ọ̀gá ò tilẹ̀ dìde. Èmi ló wò, ó ní kí n lọ. Mo bá a pé eku tó ti ń jẹ èkùrọ́ láti ọjọ́ yìí ti jẹ okùn náà já nítorí àdín tó wà lára rẹ̀. Omi inú ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilà. Mo ṣí pọ́ǹpù, omi gòkè wẹ́rẹ́.

Mo gbé orí okùn tí eku jẹ wá fún máníjà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó wo Ọ̀gá.

Ó ní, "Ẹ lo wáyà lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọ̀gá Akíndé ò lọ sí Òkè-Ọ̀dàn títí ó fi fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ẹni iyì, èmi ni mo sì gba ipò rẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Agogo di iná pupa tó ń tàn. Iná pupa di kọ̀ǹpútà tó ń ka gbogbo ìkòkò bí ojú ṣe ń ṣẹ́, tó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kà. Ní ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tóyìn dé láti pólì, ẹnjiníà ni, ó gbé nǹkan kékeré kan wá tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, kò ní wáyà. Ó ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ṣáá. Bí ooru bá kọjá ààlà nìkan ló ń ránṣẹ́, kí bátìrì má baà tètè kú, kí àwọn ẹ̀rọ má sì máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ó mọ ìṣirò ibi tó yẹ kí ààlà wà, ohun tí àwa fi imú àti ọ̀dà pupa wá. Mo tẹ́tí títí ó fi parí. Mo wá ní, "Ìyá mi, bí ó bá dákẹ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ó máa ń kí wa. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí kò ní ìròyìn, á kàn sọ pé òun wà."

Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà bẹ̀rù, ó rò pé òun ṣẹ̀ mí ni. Mo sọ fún un pé ẹnìkan wà tó yẹ kó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sùn. Mo wá sọ èyí tí mo fi pamọ́ dé ìparí yìí fún un.

Nígbà tí Ọ̀gá padà sí Òkè-Ọ̀dàn, fóònù ò tí ì wọ́pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé. A jọ ṣe àdéhùn: ní gbogbo ọjọ́ ọjà wọn, yóò já pákò kan lára igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, yóò fún awakọ̀ tó ń kó èkùrọ́ bọ̀ n'Ílarò kó fún mi. Kò sí iṣẹ́ tó ń rán mọ́ ọn. Pákò nìkan. Ó ń dé lójò, ó ń dé lẹ́ẹ̀rùn, títí ó fi di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bú mi pé ọ̀gá mi ò gbàgbọ́ pé mò ń fọ ẹnu.

Lọ́jọ́ ọjà kan, awakọ̀ dé, ó já ẹrù rẹ̀, ó kí mi, ó yí ọkọ̀ padà. Mo ní pákò mi dà? Ó ní kò sí ẹni tó fún òun ní nǹkan, bóyá Bàbá lọ kí ènìyàn. Mo fi ìkòkò lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́, mo gun ọkọ̀ náà padà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, Ọ̀gá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́ láti àná, ohùn rẹ̀ ti gbẹ nítorí kíké. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ó yè é, ó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá rìn.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo ojú mi bó ṣe máa ń wo géèjì.

Ó ní, "Délé, o gbọ́ pé mi ò dún."